Ìpara Tí A Kì Í Dúpẹ́ Fún

Ìtàn yìí fò fẹ̀rẹ̀, kò bà sórí ọba, kò bà sórí ìjòyè. Ojú Attracta Mulchrone ló bà lé, ojú náà sì ti ń jó kí ó tó débẹ̀.

Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni Attracta, ọmọ Killavreen létí òkun ìwọ̀-oòrùn Ireland, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń ti àgùntàn ṣubú. Òun ló ń wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, yóò gba ọ̀nà etí òkun, yóò máa kó àwọn ọmọ láti ẹnu géètì dé ẹnu géètì, ògiri òkúta lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀gbun lọ́wọ́ òsì, omi ní ìsàlẹ̀ ọ̀gbun náà tó ń bú ramúramù bí ohun tí wọn kò fún lóúnjẹ. Ọ̀nà náà kò gba ọkọ̀ méjì. Bí ọkọ̀ bá pàdé ọkọ̀, ọ̀kan á fẹ̀yìn rìn. Láti ìgbà tí Attracta ti ń wà á, kò sí ọmọ tó fi ìka ẹsẹ̀ gbá òkúta nítorí tirẹ̀.

Ojú rẹ̀ ló kó o sí wàhálà. Nígbà tó wà lọ́mọge, ojú náà máa ń pọ́n díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bá níbi tí kò yẹ, á sì tún rọlẹ̀. Nígbà tó ṣe, pípọ́n náà dé, ó jókòó, kò lọ mọ́. Ó bo imú, ó bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, iṣan tín-ín-rín hàn lábẹ́ awọ bí òwú pupa, èéwo wẹ́wẹ́ sì hù láàárín wọn. Bó mu tíì gbígbóná, ojú náà á gbiná. Bó jókòó síwájú ààrò, á gbiná. Bí afẹ́fẹ́ òkun bá fẹ́ sí i, á ta á bí ẹni fi ata rà á lójú.

Ní Killavreen, wọn kì í bi ojú pupa léèrè pé kí ló ṣe ọ́. Wọ́n ti mọ̀. Ọtí ni.

Bẹ́ẹ̀ Attracta kò tọ́ ọtí wò rí láyé. Ìgbà tó wà lọ́mọdé ló ti jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú pẹpẹ bí ìyá rẹ̀ ti jẹ́, báàjì kékeré àwọn tó kọ ọtí sílẹ̀ wà ní àyà ẹ̀wù rẹ̀ lójoojúmọ́. Báàjì náà wá di ẹ̀fẹ̀. Ó ń ra búrẹ́dì lọ́jọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù, ó gbọ́ tí ọkùnrin kan ń sọ lẹ́yìn àpótí bísíkíìtì pé, “Ẹ ò rí báàjì yẹn? Òun ló dè é mọ́lẹ̀ kó má baà ṣubú.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Attracta sanwó, ó gbé búrẹ́dì rẹ̀, ó ní, “Ẹ kú ẹ̀rín o,” ó jáde. Nígbà tó dé inú ọkọ̀, ó gbé ojú sí dígí, ojú náà ń jó.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Concepta Ruane, ìyá àwọn ọmọ méjì tó ń wọ bọ́ọ̀sì náà, tó tún gbé oyún ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Concepta kì í ṣe ìkà. Ẹ̀rù ọmọ ló ń bà á, ẹnu rẹ̀ sì mú. Òun ló pe ọlọ́pàá. Bí ọlọ́pàá ṣe dá bọ́ọ̀sì dúró láàárọ̀ nìyẹn níwájú gbogbo àwọn ọmọ, tó ní kí Attracta fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ tó ń wá ọtí lẹ́nu awakọ̀. Attracta fẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ náà kò rí nǹkan kan. Ojú ti ọlọ́pàá, ó ní, “Ẹ má bínú, Attracta. Wọ́n ní kí n wá ni.”

Ṣùgbọ́n nígbà tí Concepta gbọ́, ó ní, “Ẹ̀rọ yẹn ti gbó. Tàbí kẹ̀, ẹni tó bá gbọ́n á mọ ìgbà tó yẹ kó mu ún.”

Báyìí ni àwọn òbí ṣe fẹnu kò pé bí ọdún Kérésì bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn yóò jókòó láti mọ̀ bóyá kí ẹlòmíràn máa wa ọmọ àwọn. Attracta kò bímọ. Ohùn àwọn ọmọ inú bọ́ọ̀sì yẹn ló ń gbọ́ láàárọ̀, òun ló mọ èyí tí kò jẹun, òun ló mọ èyí tó sunkún kó tó jáde. Bí kọ́kọ́rọ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ló lọ. Wọn á ní ọ̀mùtí ni, títí tí wọn á fi sin ín.

Ó lọ bá Dókítà Heraty, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé ìwòsàn ìlú náà. Dókítà fi iná kékeré wò ó lójú.

“Rosésíà lorúkọ rẹ̀,” ó wí. “Kì í ṣe ọtí, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àwa tí awọ wa fẹ́lẹ́ tó sì funfun báyìí ló máa ń bá jà jù. Àwọn iṣan abẹ́ awọ yín ló ń ṣí sílẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ máa fi ìpara yìí pa á, ẹ máa lo kápúsù yìí, kí ẹ ní sùúrù, ó lè tó oṣù mélòó kan. Ẹ yẹra fún tíì gbígbóná, ẹ yẹra fún iwájú iná, ẹ yẹra fún afẹ́fẹ́.”

“Dókítà,” Attracta wí, “ibo lẹ fẹ́ kí n kó lọ?”

Nígbà tó délé, Enda ọkọ rẹ̀, tó ń sin àgùntàn, gbé páálí ìpara náà sókè, ó kà á títí, ó tún yí i padà.

“Ìyàwó mi, ǹjẹ́ o mọ ohun tí wọ́n fún ẹ? Oògùn aràn àgùntàn ni. Èyí tí mò ń rọ sí wọn lẹ́nu gan-an nìyí.”

“Kò burú. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í hu irun, kí o rẹ́ mi.”

“Màá rẹ́ ẹ. Ti ọjà irun ò dáa lọ́dún yìí ló kù.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n oògùn dókítà ń rìn bí ìgbín, ọ̀rọ̀ ẹnu ń fò bí ẹyẹ, Kérésì sì ń bọ̀. Lójoojúmọ́ ni Attracta ń yẹ ojú wò nínú dígí, lójoojúmọ́ ni pupa náà ń wò ó padà. Nígbà tó yá, ó ti ìpara dókítà sẹ́yìn ìkòkò ìyẹ̀fun.

Ẹ sì mọ̀ pé ní ilẹ̀ yẹn, ìwòsàn máa ń wà lọ́wọ́ ìdílé. Ìdílé kan ní ti iná tó jó ni, ìdílé kan ní ti ikọ́ ọmọdé, àwọn Tarpey orí òkè sì ní ti ojú pupa. Malachy Tarpey ló kù nínú wọn, bàbá arúgbó tó ń dá gbé ní òpin ọ̀nà àbàtà. Lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti gbà á, ìyá náà gbà á lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá tirẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ kì í sọ fún ẹnìkejì. Ẹni tó bá sì ti ibẹ̀ bọ̀, ẹ ò ní gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Attracta gun òkè náà lọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ìkùukùu bo àbàtà mọ́lẹ̀. Malachy wà lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí rẹ̀. Ajá rẹ̀ kò gbó.

“Ta ló rán ọ wá, ọmọ mi?”

“Kò sẹ́ni tó rán mi.”

“Ó dáa. Wọn kì í rán èèyàn wá síbí.” Ó wọlé, ó jáde pẹ̀lú ìgò kékeré kan tí wọ́n fi bébà dí lẹ́nu. Ohun inú rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bí bọ́tà, ó ń rùn bọ́tà àti èéfín. “Gbọ́ mi dáadáa. O ò gbọ́dọ̀ sanwó, o ò sì gbọ́dọ̀ dúpẹ́. O ò gbọ́dọ̀ pa á pọ̀ mọ́ ti dókítà. O ò gbọ́dọ̀ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, o ò sì gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí o bá rú ọ̀kan, ó bàjẹ́ nìyẹn, kì í ṣe fún ìwọ nìkan, fún gbogbo ẹni tó ń lò ó.”

Ọpẹ́ ti dé ètè Attracta, ó gé e jẹ. Ó na ọwọ́ gba ìgò. Ibẹ̀ ló ti rí ọwọ́ bàbá náà. Awọ ẹ̀yìn ọwọ́ Malachy fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, àmì ẹ̀jẹ̀ tó kú sínú wà lára rẹ̀ káàkiri, dúdú, elése àlùkò, bí ìgbà tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ lókò. Attracta ní ogbó ni. Ojú rí, ọkàn kò kà á. Ohun tí ọkàn kò bá kà lónìí, ara ni yóò kà á lọ́la.

Ó fi pa ojú lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, ojú Attracta funfun bí wàrà.

Kò gbà á gbọ́. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó tutù. Ó mu tíì gbígbóná, ó dúró síwájú dígí pẹ̀lú ife lọ́wọ́, ojú náà kò pọ́n. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn bọ́ọ̀sì lẹ́nu géètì Concepta, Concepta tẹjú mọ́ ọn.

“Attracta, ojú yín mọ́ o. Kí lẹ lò?”

“Omi tútù.”

“Ẹ kúkú kú oríire.” Concepta rẹ ohùn sílẹ̀, ó fọwọ́ kàn án lápá. “Kì í rọrùn láti jáwọ́. Bàbá mi náà gbìyànjú ẹ̀, kò lè ṣe é.”

Gbogbo ìlú ló ń kí i bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń kí i kú jíjáwọ́ nínú ohun tí kò dáwọ́ lé rí. Àwọn òbí jókòó ṣáájú Kérésì, wọ́n ní kí Attracta máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Àlùfáà pàápàá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó yẹ kí ìtàn parí síbẹ̀, ká mu tíì, ká lọ sùn.

Ṣùgbọ́n ìgò náà tán. Nígbà tó tán, ojú sinmi díẹ̀, ó wá gbiná lẹ́ẹ̀kan náà bí iná tí wọ́n da epo sí. Pupa ti àtijọ́ kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ó ń ta, omi ń yọ lójú rẹ̀. Attracta sáré gun òkè. Malachy gbé ìgò mìíràn fún un láìsọ̀rọ̀, ìgò yìí tóbi ju ti àkọ́kọ́. Ojú tún funfun.

Bó ṣe di pé kò lè gbé ọ̀sẹ̀ kan láìní ìgò nílé nìyẹn. Ìgbà ìrúwé kọjá, ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, ìgbà ewé wíwọ́ dé. Pupa ti mọ ọ̀nà sá, bó bá sá kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ á gun ìpéǹpéjú, Attracta á sì fi ìpara lé e débẹ̀, á rọra fi ìka rà á yí ojú ká láàárọ̀ àti lálẹ́. Awọ ojú rẹ̀ wá ń dán. Ó fẹ́lẹ́. Bó bá nu ojú pẹ̀lú aṣọ ìnura tó le, ẹ̀jẹ̀ á sun sí i.

Nígbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rí òrùka. Bí wọ́n bá tan iná ìta ṣọ́ọ̀ṣì, òrùka bí òṣùmàrè á yí gílóòbù náà ká. Ó ní ó rẹwà. Lẹ́yìn náà ló fi dígí ẹ̀gbẹ́ òsì bọ́ọ̀sì gbá òpó géètì tí kò kúrò níbi tó wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti rì í. Ó ní afẹ́fẹ́ ni. Ní àárọ̀ kan ó ń bu tíì fún Enda, tíì náà ń ṣàn lórí tábìlì, ife wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ lófìfo.

“Tábìlì kì í mu tíì, ìyàwó mi,” Enda wí.

“Mò ń ronú ni.”

“Kí lò ń rò?”

Enda fi aṣọ nu tábìlì, ó ń wo ìyàwó rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ òsì. Ó gbé ọwọ́ sókè níbẹ̀, ó mì í díẹ̀. Attracta kò yí ojú. Enda sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó ní, “Attracta, jẹ́ ká lọ rí dókítà.” Attracta ní, “Ṣé kí wọ́n lè gba kọ́kọ́rọ́ mi?” Ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀. Ó ti mọ̀, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ẹni tí nǹkan ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń mọ̀. Ṣùgbọ́n ojú funfun ló ń gbé kọ́kọ́rọ́ náà dúró, ìgò ló sì ń gbé ojú funfun dúró. Bó bá fa ọ̀kan yọ, gbogbo rẹ̀ á wó.

Àárọ̀ tó wó, òjò kò rọ̀, ìkùukùu kò sí. Oòrùn ràn. Attracta ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ, ó ń rọra gba ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́rọ́ lẹ́bàá ọ̀gbun. Lójú tirẹ̀, ọ̀nà tààrà ni, dúdú ní àárín, eérú eérú lápá òsì. Ọmọbìnrin kékeré kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ Concepta tó dàgbà jù, sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bi tíṣà léèrè:

“Attracta, kí ló dé tí a fi ń rìn lórí koríko?”

Attracta tẹ bíréèkì. Bọ́ọ̀sì dúró, ó sì gbé ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀ díẹ̀, bí àgbà tó fẹ́ jókòó. Òkúta kan yọ lábẹ́ táyà òsì, ó lọ. Wọn kò gbọ́ ìgbà tó balẹ̀.

“Kí ẹnikẹ́ni má mira,” Attracta wí. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, ọ̀dọ̀ òkun ló kọjú sí, kò lè ṣí i. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó fa bíréèkì ọwọ́, ó rìn lọ sẹ́yìn, ó tú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn sọ̀ kalẹ̀, àwọn tó jókòó lápá òsì ṣáájú. Ó tò wọ́n mọ́ ògiri òkúta. Ó fọwọ́ kan orí ẹnìkọ̀ọ̀kan bó ṣe ń tò wọ́n, nítorí kò fọkàn tán ojú rẹ̀ mọ́.

Mọ́tò Concepta ló kọ́kọ́ dé bá wọn. Concepta já sílẹ̀, ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sì wá dúró tira Attracta.

“Ẹ fẹ́ èémí sí mi.”

Attracta fẹ́ ẹ. Tíì ló ń rùn.

“Kí ló wá ṣe yín?”

“Mi ò rí koríko yẹn, Concepta. Mi ò rí i rárá.” Ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde ní àpò, ó sì fi lé e lọ́wọ́. Ọdún kan gbáko ló fi sá fún ọjọ́ yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló wá mú un wá.

Dókítà Heraty fi iná wò ó lójú, ó pẹ́ kó tó gbé orí kúrò. Ó fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń dán yẹn.

“Kí lẹ fi ń pa ojú?”

“Omi tútù.”

“Attracta.”

Èèwọ̀ dúró láàárín wọn bí ajá Malachy, kò gbó, kò sì kúrò lọ́nà. Nígbà tó yá, Attracta ṣí báàgì, ó gbé ìgò sórí tábìlì.

Dókítà gbóòórùn rẹ̀, ó ní òun á fi ránṣẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n òun ti mọ ohun tí wọn á rí. “Bọ́tà ni, lóòótọ́. Oògùn sitẹ́rọ́ìdì ló wà nínú bọ́tà náà, èyí tó le, tí a kì í fi kan ojú èèyàn. Ó ń fún àwọn iṣan pa, ojú á funfun. Bó bá dẹ ọwọ́, iná á padà wá ju ti tẹ́lẹ̀. Ẹ sì ti fi ń ra ìpéǹpéjú. Ó ti wọlé sínú ẹyinjú yín, ó ti omi inú rẹ̀ mọ́lé, omi náà ń tẹ iṣan ìríran láti ẹ̀gbẹ́ wá sáàárín. Ìyẹn lẹ ò fi rí koríko.” Ó fi bébà dí ìgò náà padà. “Ta ló fún yín?”

Attracta wo ilẹ̀. Ìdajì èèwọ̀ ló ti rú, ó rò pé òun lè dúró lórí ìdajì tó kù. “Mi ò lè sọ.”

“Ẹlòmíràn lè máa lò ó.”

“Mi ò lè sọ, Dókítà.”

Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú ní Galway. Wọ́n fún un ní oògùn tí yóò máa kán sójú títí ayé, wọ́n ní èyí tó lọ kò ní padà, èyí tó kù làwọn á máa ṣọ́. Dókítà Heraty dá a padà sórí ìpara àgùntàn àti kápúsù, ó gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kìlọ̀: “Ojú yín á kọ́kọ́ burú kó tó dára. Á burú gan-an. Ẹ má padà síbi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀.”

Ó burú. Ojú Attracta bó bí ẹran tí wọ́n gbé kúrò lórí iná. Ó wú dé etí. Kò lè fi orí lé ìrọ̀rí. Enda á bu omi tútù sínú àwo, á ki aṣọ bọ̀ ọ́, á tẹ́ ẹ sí i lójú, á máa sọ ti àgùntàn fún un. “Ọ̀kan nínú wọn ti ń jẹ́ orúkọ rẹ,” ó wí lọ́jọ́ kan. “Òun náà ò gbọ́ràn.”

Ní àkókò yẹn ni Malachy Tarpey sọ̀ kalẹ̀ wá láti orí òkè. Ó bọ́ fìlà, kò jókòó.

“Mo gbọ́ pé o ti rú èèwọ̀ náà.”

“Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rú u, Malachy. Kí lẹ fi sínú rẹ̀?”

Bàbá náà ń yí fìlà lọ́wọ́. “Ewé tí ìyá mi ń lò, ẹ̀gbẹ́ odò àbàtà ló ń hù. Wọ́n gbẹ́ kòtò síbẹ̀, wọ́n gbin igi páínì, ewé náà kú. Èmi ò sọ. Àwọn èèyàn ṣì ń gun òkè wá. Ẹni tó bá gun òkè yẹn pẹ̀lú ojú jíjó, ṣé kí n ní kó padà? Mọ̀lẹ́bí mi kan lókè òkun ń fi ìpara kan ránṣẹ́ sí mi fún ọwọ́ mi tó ń yún mi. Mo pò ó mọ́ bọ́tà. Ó ṣiṣẹ́, Attracta. Ó ṣiṣẹ́ ju ti ìyá mi lọ.”

“Ẹ wo ojú mi.”

Ó wò ó. Ó gbé ojú kúrò.

“Ẹ ṣíwọ́,” Attracta wí. “Ẹ ṣíwọ́, mi ò sì ní dárúkọ yín.”

“Màá ṣíwọ́,” Malachy wí. Ó dé fìlà, ó lọ.

Attracta gbà á gbọ́, nítorí ó rọrùn láti gbà á gbọ́.

Lẹ́yìn náà, kò pẹ́, Concepta wá kan ilẹ̀kùn lọ́sàn-án. Ó mú tìmùtìmù tí Attracta máa ń jókòó lé nínú bọ́ọ̀sì wá, àti káàdì tí àwọn ọmọ ya òdòdó sí. Ìkókó rẹ̀, Nessa, wà lápá rẹ̀, tó ti ń ju ẹsẹ̀. Concepta rí ojú Attracta, ó fà sẹ́yìn lójú ẹsẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ṣí ààrò.

“Jésù. Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀.”

“Jókòó, Concepta. Kì í ṣe ohun tó o rò.”

Concepta jókòó sí etí àga. Ìkókó náà na ọwọ́ sí Attracta, Attracta sì tẹ̀ síwájú kí ó lè rí i láàárín ibi tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀. Ó ti mọ ọmọ yìí ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, tó ya, tó ń họ ara rẹ̀ mọ́ èjìká ìyá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà funfun báyìí. Ó funfun bí wàrà. Ó ń dán bí ẹyin. Iṣan tín-ín-rín kan hàn lábẹ́ awọ náà, lẹ́bàá ojú.

Òórùn bọ́tà àti èéfín ta sí i nímú.

“Concepta, kí lo fi ń pa ọmọ yìí lójú?”

“Omi tútù ni mo fi ń wẹ̀ ẹ́.”

Ara Attracta tutù, àfi ojú. “Ìgbà wo lo lọ síbẹ̀ kẹ́yìn?”

“Ibo?”

“Orí òkè.”

Concepta dìde. “Èmi ò mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ.”

“Concepta, fetí sí mi. Ohun tó wà nínú ìgò yẹn ló gba ojú mi. Mo fi sí ara mi, èmi àgbà. Ọmọ ọwọ́ nìyẹn. Gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lónìí. Má ṣe fi kàn án mọ́ kó o tó débẹ̀.”

“Ẹ̀yin?” Concepta fi ọwọ́ bo ojú ọmọ rẹ̀, ó yí i mọ́ àyà. Kò pariwo. “Díẹ̀ ló kù kí ẹ da gbogbo àwọn ọmọ wa sínú òkun. Ojú yín rèé bí ẹ̀jẹ̀. Ẹ wá fẹ́ kọ́ mi bí mo ṣe máa tọ́jú ojú ọmọ mi, ọmọ tí kò sùn láti ìgbà tí mo ti bí i, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń sùn báyìí? Tí mo bá sì rú u, tó bá padà bẹ̀rẹ̀ sí í họra ńkọ́?”

Ó ti jáde. Attracta tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà. Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn mọ́tò padé, ó gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì jí. Níwájú ilé Mulchrone, ọ̀nà pín sí méjì: ọ̀kan lọ sísàlẹ̀, sí ìlú àti ilé ìwòsàn, èkejì gun òkè lọ sí àbàtà. Attracta na ọrùn, ṣùgbọ́n oríta náà wà lápá òsì, níbi tí eérú ti bo ohun gbogbo. Kò rí i. Ó dúró, ó ń fi etí wò ó. Ẹni tó bá ń sọ̀kalẹ̀ lọ sílùú kì í yí jíà, á kàn jẹ́ kí mọ́tò máa yí lọ. Ẹni tó bá ń gun òkè, kó tó dé ibi àwọn igi páínì, á já jíà sísàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì kérora.

Ẹ́ńjìnnì náà ń lọ, ohùn rẹ̀ kan náà. Ó ń lọ. Ẹyẹ òkun kan ké.

Ẹ́ńjìnnì kérora.

Attracta padà wọlé, ó gbé fóònù, ó sún mọ́ fèrèsé kí ó lè rí nọ́ńbà. Nígbà tí Dókítà Heraty gbé e, kò kí i.

“Ẹ ti bi mí léèrè rí, ẹni tó fún mi. Malachy Tarpey ni, lókè àbàtà. Ó ti fún ọmọ Concepta Ruane, ìkókó. Concepta ń gun òkè lọ gbà sí i báyìí. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ bínú sí mi tó bá yá. Ẹ máa bọ̀.”

“Mò ń bọ̀,” dókítà wí. “Ẹ dúró sílé. Ẹ má jáde sínú afẹ́fẹ́ yìí.”

Ṣùgbọ́n láti ìlú dé òkè jìnnà, ìpara kì í sì í pẹ́ kó tó dé ojú ọmọ. Attracta wọ ẹ̀wù òtútù. Báàjì rẹ̀ wà ní àyà ẹ̀wù náà. Ó ṣílẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ òkun fẹ́ sí i, ojú rẹ̀ gbiná. Kò ní ọkọ̀, kò ní kọ́kọ́rọ́. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún wá ògiri òkúta, ó rí i, ó dì í mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, òkúta kan lẹ́yìn òkúta, kò yọ ọwọ́ lára ògiri. Lápá òsì rẹ̀, níbi tí ọ̀nà, koríko àti òkun ti yẹ kí wọ́n wà, kò sí nǹkan kan.